Ìlà Kẹtàlélógún tí Albina Krenek Fi Pẹ́ńsù Kọ

Albina Krenek kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí láyé rẹ̀. Àkàbà lásán tí wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe, bó bá ti gun ipele kẹta, òyì á ti kọ́ ọ. Àmọ́ ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sójú òfurufú, tó ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún, obìnrin yìí wà lára àwọn tó sọ ohun tó máa kọ́kọ́ gòkè àti ohun tó máa tẹ̀ lé e. Àwọn tó gòkè ni wọ́n ń yà ní fọ́tò. Ta ló fẹ́ máa ya fọ́tò ẹni tó ń to ìwé? Nígbà tó kú, èèyàn mẹ́rìnlá péré la jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bí mi nínú débi pé mo ní mo gbọ́dọ̀ sọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ má rò pé oríkì ni mo fẹ́ kì o. Ohun tó ṣe kò dáa. Òun gan-an ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, kò bu iyọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò bu omi là á.

Ọmọ àgbẹ̀ olówùú ni, lẹ́bàá Schulenburg, láàárín àwọn ará Czech tí wọ́n ti wà ní Texas láti ayé baba ńlá wọn, tí wọ́n ṣì ń yan kolache, búrẹ́dì aládùn wọn, lọ́jọ́ Sátidé bí ẹni pé òfin ni. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni títo ọ̀nà fún bọ́ọ̀sì ilé ìwé: ọmọ wo ni wọ́n máa gbé ṣáájú, afárá wo lomi máa ń bò bí òjò bá rọ̀, ilé ta ni ajá ti máa ń gé èèyàn jẹ. Nígbà tí Emil ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ wẹ́dà sí ìlú wa níbí, létí Clear Lake, ó tẹ̀ lé e wá, ó sì di atẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìrìn àwọn ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí ilé òkè yẹn. Ìrìn ni wọ́n ń pe kí ọkọ̀ kan gbéra pẹ̀lú ẹrù kan nínú: ó lè jẹ́ yàrá, ó lè jẹ́ sólà, ó lè jẹ́ irin gbọọrọ tí wọ́n máa fi so ilé òkè náà pọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé ètò kan fún un pé kó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti yí i síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ojú gbogbo wọn ti pọ́n koko. Albina kà á, ó dìde.

“Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú o. Yàrá tẹ́ ẹ kọ sí ìrìn kẹjọ yìí, iná wo ni wọ́n máa tàn nínú ẹ̀? Ìrìn kẹsàn-án ni mo rí sólà.”

Kò sẹ́ni tó rí i nínú wọn. Ẹnjiníà mẹ́sàn-án, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n kà! Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kó wá máa tọ́jú ètò.

Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, àmọ́ orí bébà fífẹ̀ kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni ètò náà gan-an máa ń wà, nítorí àwọn ọ̀gá fẹ́ràn kí wọ́n dúró síwájú rẹ̀, kí wọ́n máa nàka sí i. Ìlà tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí, bírò ni Albina fi ń kọ ọ́. Èyí tẹ́nikẹ́ni ò tíì fọwọ́ sí, tó jẹ́ pé ìrètí lásán ni, pẹ́ńsù ni. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á ṣe fọ́tòkọ́pì bébà náà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń kan ẹrù káàkiri. Fọ́tòkọ́pì ò sì mọ pẹ́ńsù yàtọ̀ sí bírò. Dúdú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jáde. Ìdí nìyẹn tí Albina fi máa ń gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tá á fi bo gbogbo ìlà pẹ́ńsù kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. “Ẹ jẹ́ n lọ bo àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí,” ló máa ń wí, àwọn ará ọ́fíìsì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ Emil kan wà tó ń jẹ́ Orrin Teague. Òun ló ń darí àwọn tó ń kan yàrá ọ̀gbìn, yàrá onídígí kan tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sókè kí wọ́n lè máa gbin ẹ̀fọ́ àti àlìkámà nínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Nelda ìyàwó rẹ̀, ọmọ Mora ní àárín àwọn òkè New Mexico, kì í jẹ́ kó sinmi: “Ọkọ mi fẹ́ gbin tòmátì sókè ọ̀run. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé mi ń kú lọ, kò rí omi bù sí i!” Orrin á rẹ́rìn-ín, á sì lọ bomi rin tòmátì.

Nígbà tí Emil kú lójijì, Nelda ló di aṣọ rẹ̀ wá sílé Albina. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi tipátipá mú un jẹun, tó ń bá a fọ irun, tó ń bú u bó bá kọ̀ tí kò dìde. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn ti kọjá ọ̀rẹ́. Ọmọ ìyá ni Albina kà á sí látìgbà náà, kò sì ní àbúrò kankan láyé tó fẹ́ràn tó o.

Lẹ́yìn náà ni àárọ̀ Sátidé yẹn dé, nínú oṣù kejì, tí ọkọ̀ kan fọ́ yángá sójú òfurufú Texas bó ṣe ń bọ̀ wálé, pẹ̀lú èèyàn méje nínú rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tá a wà nílùú wa lọ́jọ́ náà, a mọ bó ṣe rí. Àwọn ọkọ̀ tó kù kò gbéra mọ́. Nígbà tó máa fi di oṣù kìíní ọdún kejì rẹ̀, àṣẹ ti dé látòkè pé kí wọ́n yára parí ilé náà, kí wọ́n sì fi àwọn ọkọ̀ náà tì sílé títí láé. Ìrìn mẹ́tàlélógún ló kù lórí bébà. Yàrá ọ̀gbìn Orrin ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn.

Dwyer, ọ̀gá ọ́fíìsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tó ọmọ bíbí Albina, wá dúró síwájú ògiri náà.

“Mísì Albina, méjìdínlógún ni wọ́n máa fún wa, mà. Kò ní fi ẹyọ kan lé e.”

“Àwọn márùn-ún tó kù ńkọ́?”

“Ẹ fi pẹ́ńsù kọ wọ́n sísàlẹ̀. Bí Ọlọ́run bá ṣíjú àánú wò wá, à á tún gbà wọ́n padà. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ jáde o, títí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ètò fi máa jókòó lóṣù kọkànlá.”

Albina mú bébà tuntun. Ó fi bírò kọ méjìdínlógún, ó fi pẹ́ńsù kọ márùn-ún. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ìlà mẹ́rin ló bò. Ó gbàgbé karùn-ún. Ó rẹ̀ ẹ́, ojú ẹ̀ ti wú fún ẹkún, ẹ má dá a lẹ́bi ìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rí i kedere. Ó mú bébà funfun náà, ó na án sórí ìlà kẹtàlélógún, ó sì tún ká a kúrò.

Ohun tó rò nìyí. Bí Orrin ò bá mọ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá ń bá iṣẹ́ lọ, yàrá náà á parí. Ohun tó bá sì ti parí, tó dúró sílẹ̀ tó ń dán, ó máa ń ti àwọn ọ̀gá lójú láti sọ pé àwọn ò gbé e mọ́. Ọgbọ́n àwọn tó ń to ètò nìyẹn, ó sì ti gbè wọ́n rí lẹ́ẹ̀mejì. Ìfẹ́ ni o! Ibi tí mo ti ń bá a jà nìyẹn nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi: ìfẹ́ wo ló ń fi bébà bo ojú ọ̀rẹ́ ẹni?

Oṣù kejì ni dókítà rí jẹjẹrẹ nínú egungun Nelda.

Ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù kẹta, lẹ́yìn ìsìn, Orrin àti Nelda yà sílé Albina. Kọfí wà lórí iná, kolache wà lórí tábìlì, ọ̀kan tí wọ́n fi wàràkàṣì ṣe, ọ̀kan tí wọ́n fi èso ṣe. Orrin jókòó. Nelda dúró pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

“Jókòó, jàre,” ni Albina wí. “Ṣé ilé àlejò lo wà ni?”

“Mi ò jókòó. Ọkùnrin yìí ló ní ọ̀rọ̀ láti bi ọ́. Dá a lóhùn kíá, kó yé pín ọkàn ẹ̀ sí méjì.” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bi í, bàbá onítòmátì.”

Orrin tún ife rẹ̀ gbé lórí tábìlì. “Nelda fẹ́ lọ sílé, sí Mora. Ó fẹ́ wà níbẹ̀ títí igi ápù bàbá rẹ̀ á fi yọ òdòdó.”

“Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé bàbá mi,” ni Nelda wí. “Dókítà ní ẹsẹ̀ náà ò ní pẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì wà nínú ilé yẹn. Mo fẹ́ kó rí mi lórí ìdúró.”

“Mo fẹ́ gbé e lọ,” ni Orrin wí. “Àmọ́ oṣù keje ni ìdánwò yàrá wa. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, ẹlòmíì ló máa gba àyè wa nílé ìdánwò, ó sì lè jẹ́ ọdún méjì ká tó tún rí òmíràn. Albina, o mọ̀ mí, mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kó o tú àṣírí ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ kan ni. Bí ìrìn kẹtàlélógún ò bá sí mọ́, òní yìí ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

Albina ní ìgbà tó máa fi dáhùn. Ó bu kọfí, ó fi ṣúgà sí i, òun tí kì í mu ṣúgà. Ó wo Orrin. Ó rò ó pé: dókítà ń gba ìyàwó ọkùnrin yìí lọ, bí èmi náà bá gba iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣù kan náà, kí ló máa kù fún un láyé? Ó rò pé òun ń ṣẹ́ nǹkan kan kù fún un ni.

“Ó ṣì wà lórí bébà,” ó ní.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn! Kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe òtítọ́. Ká ní ó purọ́ tààrà ni, ó dá mi lójú pé ì bá ti bẹ̀bẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, torí kò mọ irọ́ pa. Ààbọ̀ òtítọ́ ló jẹ́ kó rí oorun sùn.

“Ó dáa,” ni Nelda wí. “Ẹ̀yìn ìdánwò náà nìyẹn.” Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi há ẹ̀yìn àga, ó jókòó. Ó mú kolache kan, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn.

Látọjọ́ náà ni Albina ti wá di ẹni tí ń lépa Dwyer kiri. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọlé tọ̀ ọ́ lórí ìrìn kẹtàlélógún.

“Mísì Albina, kí lẹ fẹ́ kí n yọ nítorí ẹ̀?” ni Dwyer wí nígbà kẹta. “Ṣé sólà ni kí n yọ? Ṣé afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa mí ni kí n yọ? Ewébẹ̀ ni, mà. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín ni bàbá yẹn.”

“Kì í ṣe torí ọ̀rẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni Dwyer wí, ó sì bojú wo ibòmíràn.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á gé bébà funfun márùn-ún, á lo mẹ́rin. Á sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa sọ fún Orrin. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa ń rí.

Oṣù kẹfà ni itan Nelda ṣẹ́ ní balùwẹ̀. Kò ṣubú, kò yọ̀, ó kàn yí padà láti mú tówẹ̀ẹ̀lì ni. Láti ọjọ́ náà ló ti wà lórí ìdùbúlẹ̀. Oṣù keje ni wọ́n dán yàrá ọ̀gbìn wò, ó sì yege láìkù síbì kan. Àwọn tó kàn án ra ẹran àyà màlúù tí wọ́n fi èéfín yan, wọ́n ra bíà, wọ́n ń jó nínú pápá ìgbọ́kọ̀sí. Orrin ò dúró jẹ ẹ́. Ó sáré lọ bá ìyàwó rẹ̀. Albina wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀.

“Nelda! Ó yege! Ewé ti hù nínú ẹ̀!”

“O kú iṣẹ́, ọkọ mi,” ni Nelda wí. “Ó ti tó, àbí? Ká máa lọ.”

Orrin lọ bá dókítà. Dókítà ní wákàtí mẹ́rìnlá nínú mọ́tò, pẹ̀lú egungun tó ti di bíi bisikíìtì, kò ṣeé ṣe. Orrin padà wọlé. Nelda ò bi í. Ó na ọwọ́ sí i, ó ní kó wá jókòó ti òun, kó sọ bí ewé náà ṣe rí. Albina gbé abọ́ òróró, ó lọ sí kíṣìnnì, ó fi aṣọ ìnuwọ́ dí ẹnu ara rẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ igbe.

Nelda kú ní ìparí oṣù kẹwàá. Orrin gbé e lọ sílé. Inú àpótí ló fi wọ Mora, èèyàn mẹ́fà ló gbé e gba ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ wọlé. Albina bá wọn lọ. Ápù ti já sílẹ̀ káàkiri abẹ́ igi, ẹnikẹ́ni ò ráyè ṣà á. Ẹ̀gbọ́n Nelda, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, di ọwọ́ Albina mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣe ọmọ ìyá fún àbúrò òun nílẹ̀ àjèjì. Albina ní kò sí ọjọ́ tí ọpẹ́ yẹn kì í padà wá bá òun.

Oṣù kọkànlá, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n kéde ètò. Ìrìn méjìdínlógún. Nígbà tó di oṣù kejìlá, Orrin wá sí ọ́fíìsì láti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gbé yàrá ọ̀gbìn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Ó ti fọn, ṣẹ́ẹ̀tì ń fì lọ́rùn rẹ̀. Albina nìkan ló wà níbẹ̀, àwọn tó kù ti lọ jẹun ọ̀sán. Orrin fọwọ́ sí ìwé, ó sì rìn lọ síwájú ògiri, ó ń wo bébà ńlá náà. Ọdún gbogbo tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, fọ́tòkọ́pì rẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo ìlà òkè, ó wo ti ìsàlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra ìlà kẹtàlélógún, ó sì yẹ ọwọ́ náà wò. Ó ti dúdú.

“Pẹ́ńsù ni,” ó ní.

Albina ò lè gbé orí sókè.

“Ìgbà wo lo kọ ọ́ báyìí?”

Àyè irọ́ wà. Ó lè sọ pé lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ni; kò sẹ́ni tó máa já a. Ó sì sọ fún mi pé irọ́ náà dé ahọ́n òun, ó dúró síbẹ̀, ó ń dán òun wò.

“Oṣù kìíní,” ó ní.

“Oṣù kìíní tọdún yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀, Orrin. Lọ́jọ́ Sunday yẹn tó o bi mí, mo ti mọ̀. Mo rò pé bí yàrá náà bá parí… Mo rò pé mo lè bá ọ gbà á padà. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀bi mi ni o.”

Orrin kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó jókòó sórí tábìlì, ó ń nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ń nù ún ṣáá.

“Ojú ọ̀nà la wà lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Ṣé o mọ̀? A ò ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé. Mo ti rọ epo kún táńkì. Báàgì rẹ̀ wà nínú bùùtù, ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóru àná ẹ̀ pé kó máa retí wa lọ́jọ́ Monday. Nelda ní ká má yà síbì kankan, ká máa lọ tààrà. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní ká yà bi Albina, torí Albina ò ní tàn wá.”

Albina bú sẹ́kún. Ó ní “Dárí jì mí.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kò mọ iye ìgbà.

“Nígbà tá a délé, òun fúnra rẹ̀ ló tú báàgì náà,” ni Orrin wí. “Ó ń fi aṣọ kọ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé oṣù keje ò jìnnà.” Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀. “Ká ní Nelda wà láyé ni, á ti dárí jì ọ́. Èmi ò tíì lè ṣe é.”

Ó kó lọ sí Mora kí ọdún náà tó parí. Albina to ìrìn méjìdínlógún náà dé òpin, kò sí èyí tó ṣì tò nínú wọn. Gbogbo Kérésìmesì ló ń kọ lẹ́tà sí Orrin, á bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí, á bi í bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, á sì tún bẹ̀bẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi retí èsì, títí ikú fi mú un lọ. Èsì ò dé.